Oṣù Mẹ́ta Láàárín Agolo

Wọ́n so káàdì mọ́ mi láyà lọ́jọ́ kìn-ín-ní,
kò sí orúkọ mi níbẹ̀.
"Akẹ́kọ̀ọ́" ni wọ́n kọ,
bí ẹni kọ "Iyọ̀" sára ìkòkò.
Èmi Àwẹ̀ró ọmọ Kétu,
tí mo wọkọ̀ wá sí Àjàṣẹ́
pẹ̀lú ọdún méjì ìmọ̀ ìṣàkóso lórí
àti bàtà ẹ̀gbọ́n mi tó ń fún mi lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gá wa, Músíyù Láwànì, kì í pariwo.
Ìka rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀:
ó tọ́ka sí eruku, o nù ún;
ó tọ́ka sẹ́nu ọ̀nà, o kí oníbàárà.
Mo ti rò pé àga tó ń yí ni wọ́n máa fún mi.
Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù
àti ìwé gbọọrọ kan fún kíka ọjà.

Lọ́sẹ̀ kejì ó mú mi lọ sídìí wàrà.
"Èyí tó kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ lọ.
Ti àtijọ́ síwájú, ti tuntun sẹ́yìn."
Olùkọ́ wa fi odidi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wa ní nǹkan yìí,
tòun ti àwòrán àti ọfà,
orúkọ tó fún un gùn ju ọ̀nà Pọ́bẹ̀ lọ.
Ẹ̀rín pa mí.
Ìyá àgbà mi nínú abà iṣu,
tí kò mọ A yàtọ̀ sí B,
ló máa ń gbá wa lọ́wọ́:
"Ẹ má fọwọ́ kan tuntun! Ti èṣí ò tí ì tán."

Nídìí kàǹtà, Faransé la fi ń ka owó,
Ègùn la fi ń ṣàwàdà,
Yorùbá la fi ń bínú.
Obìnrin kan mú ọṣẹ olóòórùn,
ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.
Lọ́jọ́ kejì ó tún wá, ó gbóòórùn rẹ̀.
Kò sí àyè fún irú èyí nínú ìwé ọjà.

Lẹ́yìn náà, sadín.
Agolo mọ́kànlá ò sí.
Ọ̀gá tọ́ka sí Dósù tó ń ru ẹrù,
ìka yẹn nìkan.
Wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀.
Dósù ò jiyàn. Ó kàn wo ọwọ́ ara rẹ̀
bíi pé ó fẹ́ bi ọwọ́ náà bóyá òótọ́ ni.

Lóru mo tú ìwé mi wò, iná tẹlifóònù lórí rẹ̀:
ọjọ́ kìn-ín-ní, bàtà ń fún mi,
mo kọ mẹ́tàlélógójì
níbi tí méjìlélọ́gbọ̀n wà.
Pẹ́ńsùlù mi lolè.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ Láwànì ni máàkì mi wà.
Mo mọ̀ pé ohun tí a fi pẹ́ńsùlù kọ
kò le láti pa rẹ́.
N ò ní purọ́ fún yín, mo jókòó pẹ́ lórí ẹní yẹn.
Wọ́n pe ìrun àárọ̀, mo ṣì jókòó.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀.
Ó kà á. Ó tún un kà.
Ìka rẹ̀ gbéra, mo rò pé àyà mi ló ń bọ̀,
ilé-ẹrù ló tọ́ka sí:
"Lọ sọ fún un fúnra rẹ."

Dósù ń mu gàrí. Ó gbọ́ mi tán,
ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"
ó sún abọ́ síwájú mi.
Kò rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ ò tí ì rọ̀, mo rí i,
ṣùgbọ́n ó sún abọ́ náà.

Ogójì ojú-ìwé nilé-ìwé ń béèrè lọ́wọ́ mi báyìí:
ìfáàrà, ìṣòro, àbá, ìkádìí.
Mo ti kọ ọ́ pé pẹpẹ mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀,
pé ó yẹ kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun.
Mo débi "Ohun tí mo kọ́",
mo dúró.
Bàtà ẹ̀gbọ́n mi ti gba ẹsẹ̀ mi.
Pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ mi,
mo tún ń ka agolo.